Bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún àyẹ̀wò etí: ìrírí mi nínú ẹ̀kọ́ oyè máásítà

Ní ọdún kejì tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè máásítà nínú ìmọ̀ ìgbọ́ràn ní Ìbàdàn, bàbá kan wá sí ilé àyẹ̀wò tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata lẹ́bàá ọjà, ìyàwó wọn ló sì fà wọ́n lọ́wọ́ wá. Mo fi iná wo inú etí wọn, kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀, ìlù etí sì ń dán. Mo fi wọ́n jókòó sínú yàrá tí ariwo kì í wọ̀, mo fi hẹ́dífóònù bò wọ́n létí, mo sì ní kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré mọ. Hz ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ga sókè tàbí lọ sílẹ̀ tó. Títí dé 1000 Hz, etí wọn kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n láti 3000 Hz lọ sókè, ìlà àyẹ̀wò náà já wálẹ̀ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí ariwo ẹ̀rọ ti ba etí rẹ̀ jẹ́.

Ìṣòro dé nígbà tó kan àyẹ̀wò ọ̀rọ̀. Nínú àyẹ̀wò yìí, ẹni tí à ń yẹ̀ wò yóò máa tún ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ sọ, àwa yóò sì máa dín ohùn náà kù díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé ibi tó ti ń gba ìdajì àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí ẹ̀rọ wa: "baseball", "hotdog", "airplane". Bàbá dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Ìwé tí mo kọ lọ́jọ́ náà fi hàn pé wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì ti jọ sọ̀rọ̀ nípa owó dísù kí a tó wọlé. Olùkọ́ mi wo ìwé náà, wọ́n ní, "Èdè tí bàbá ń sọ nílé ni kí o fi yẹ̀ wọ́n wò. Lọ ṣe é." Bí iṣẹ́ ìwádìí oyè mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ka ìwé àkọ́kà àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo tún jókòó ti àwọn ìyá aláta lọ́jà, mo ń kọ ọ̀rọ̀ onísílébù méjì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àgbà àtọmọdé, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà, jọ mọ̀ ni mo ń wá, nítorí bí ènìyàn kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀, a kò ní lè sọ bóyá etí rẹ̀ ni kò gbé e. Mo yọ èyí tí ẹ̀ka èdè máa ń yí padà kúrò. Ó dùn mí láti yọ "ilé", ṣùgbọ́n ará Èkìtì lè pè é ní "ulé", kò sì yẹ kí a gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ohùn ọ̀rọ̀ ló gba àkókò mi jù. Gbogbo wa la mọ̀ pé igba, igbá, igbà, ìgbà àti ìgbá kì í ṣe ohun kan náà. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ kì í gba ohùn òkè ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà mẹ́fà péré ni ohùn àwọn ọ̀rọ̀ mi lè gbà rìn: bí ọmọ, bí ọwọ́, bí ọbẹ̀, bí ọ̀nà, bí àga, àti bí àdá. Mo rí i pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ohùn nìkan mọ ọ̀rọ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan bá mi ka àwọn ọ̀rọ̀ náà. Òru la gbà wọ́n sílẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí mo ń mú kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dún bákan náà, nítorí "àga" a máa dún ju "ìdí" lọ láìjẹ́ pé ẹni tó kà á pariwo. Mo fi dán àwọn ọ̀dọ́ tí etí wọn pé wò, mo sì pààrọ̀ èyí tí wọ́n ń tètè gbọ́ jù àti èyí tí wọn kì í tètè gbọ́.

Nígbà tí bàbá padà wá, wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ láìṣiyèméjì. Ibi tí wọ́n ti gba ìdajì ọ̀rọ̀ fi 5 dB péré (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó) yàtọ̀ sí ìpíndọ́gba ìró tó kéré jù tí wọ́n gbọ́ ní 500, 1000 àti 2000 Hz. Bí ìyàtọ̀ náà bá ju 10 dB lọ, ó yẹ kí a fura sí àyẹ̀wò ọ̀hún. Mo wá gbé ohùn náà sí ibi tó tù wọ́n lára, mo sì ka àwọn ọ̀rọ̀ míì tí kọ́ńsónáǹtì wọn fara jọra. Mo pe "ọ̀sẹ̀", wọ́n ní "ọ̀tẹ̀". Mo pe "ẹ̀fọ́", wọ́n ní "ẹ̀kọ́". Ohùn kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìsàlẹ̀ ni ohùn ọ̀rọ̀ wà, nǹkan bí 100 Hz lẹ́nu ọkùnrin àti 200 Hz lẹ́nu obìnrin, òkè sì ni ìró "s" àti "f" wà, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ata ti ba etí wọn jẹ́. Bí ẹni tó ń gbọ́ dùndún láti òkèèrè ni bàbá ṣe ń gbọ́ wa: ohùn ń dé, àwọn fúnra wọn ló ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, ìyàwó wọn sunkún. Ó ti pẹ́ tí ìyá ti rò pé ńṣe ni bàbá kàn ń fi àwọn ṣeré.

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021 sọ pé mílíọ̀nù 430 ènìyàn ló nílò ìtọ́jú ìgbọ́ràn, àti pé nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré jù lọ, ìdá 93 nínú 100 ni kò ní onímọ̀ ìgbọ́ràn kan ṣoṣo fún mílíọ̀nù ènìyàn. A kò ka Nàìjíríà mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wá láti Ṣakí tó sùn sí Ìbàdàn nítorí àyẹ̀wò wákàtí kan mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí níhìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ìkẹyìn nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ mi kan ṣoṣo ló ń tọ́ àwa mẹ́fà sọ́nà, tí wọ́n tún ń rí àwọn aláìsàn. Ẹ̀rọ la máa ń bẹ ìjọba fún. Lójú mi, ẹni tí yóò kọ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ní èdè aláìsàn, ló wọ́n wa jù.

Àtòkọ náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà ilé àyẹ̀wò báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀lé mi ti bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ọmọdé, àwòrán ló sì ń yà lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kì í fẹ́ tún ọ̀rọ̀ sọ fún àjèjì, ṣùgbọ́n wọ́n á nawọ́ sí àwòrán ọ̀bẹ tàbí ti ọbẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ọ.