Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ìjì Oòrùn Ló Ń Da GPS Láàmú

Bí GPS yín bá ń gbé yín síbi tí ẹ kò sí, ẹ má tíì di ẹ̀bi ru oòrùn. Ilé gíga àti igi ṣíṣú ló sábà máa ń fa irú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ sí gbangba, kí ẹ tún un wò.

Bó bá ṣì ń ṣe ségesège, ẹ wo nọ́ńbà Kp, tó ń fi bí agbára òòfà ayé ṣe ń dà rú tó hàn, lórí ìkànnì NOAA, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà. Láti 0 dé 9 ni. Bó bá ti di 5, ìjì ti dé nìyẹn, G1 ni wọ́n ń pè é. 9 ni G5, tó le jù lọ. Irú G5 yìí jà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, lẹ́yìn tí a ti rí i gbẹ̀yìn ní 2003. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń fi GPS darí katakata ní láti dá iṣẹ́ gbígbìn dúró.

Kí ló fà á? Gáàsì gbígbóná tí oòrùn tú jáde, tó sábà máa ń lo ọjọ́ kan sí mẹ́ta lójú ọ̀nà, ló ń kọlu agbára òòfà ayé. Ionosphere, ìpele òfuurufú tó kún fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, á wá dà rú: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á pọ̀ níhìn-ín, á dín kù lọ́hùn-ún. Sátẹ́láìtì GPS sì wà lókè rẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ìgbì rédíò rẹ̀ lè gbà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń dá ìgbì náà dúró díẹ̀. Àkókò tí ìgbì fi rìn ni ẹ̀rọ wa sì fi ń wọn ọ̀nà, nítorí náà á rò pé sátẹ́láìtì jìnnà ju bó ṣe wà lọ. Níbi tí ionosphere bá ti rí págunpàgun, agbára ìgbì á máa lọ sókè sódò bí ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú, nígbà mìíràn ẹ̀rọ á pàdánù rẹ̀ pátápátá.

Ẹ tún wo aago. Lójú tèmi, ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nítòsí ìlà agbedeméjì òòfà ayé, lílọ sókè sódò ìgbì yìí máa ń wáyé láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru, kódà kí Kp má ju 1 lọ. Ìjì mìíràn tilẹ̀ máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Kp nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ẹ wá ṣí áàpù tó ń fi agbára ìgbì sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan hàn. Bí àwọn tó wà ní apá kan ojú ọ̀run bá ń lọ sókè sódò nígbà tí àwọn yòókù dúró déédéé, ó jọ pé ionosphere ni. Bí gbogbo wọn bá lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yẹ ẹ̀rọ yín tàbí eríálì rẹ̀ wò.

Ẹ̀rọ tó ń gba L1 àti L5, ìgbì rédíò GPS oríṣi méjì, pọ̀ lè ṣírò ìdádúró náà, kí ó sì yọ ọ́ kúrò, nítorí kì í bá ìgbì méjèèjì dọ́gba. Kò wo lílọ sókè sódò ìgbì sàn o. Fún ìyẹn, ẹ̀rọ tó tún ń gba Galileo, sátẹ́láìtì ti Yúróòpù, àti GLONASS, ti Rọ́ṣíà, ló dára, kí sátẹ́láìtì tó kù lè tó.

Ẹni tó kàn ń wá ọ̀nà lè máa lọ. Sọ́fẹ́yọ̀ ní tirẹ̀, kí ó sún iṣẹ́ di àárọ̀ ọjọ́ tí Kp ti lọ sílẹ̀, kí ẹni tó ní dróònù sì má ṣe gbé e fò títí dìgbà náà.