Ẹrẹ̀ ni mo múra dè, kì í ṣe ẹja

Bàtà mi kan ṣì wà nínú àbàtà etí òkun kan títí di òní. Ti ẹsẹ̀ òsì ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé káyáàkì, ọkọ̀ tóóró tí èèyàn ń fi àjẹ̀ tù, lọ pẹja níbẹ̀ ni ẹrẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́rin ni mo kó dání, ìdẹ oríṣiríṣi kún àpótí méjì, mo gbé kúlà ńlá, mo tún gbé ìdákọ̀ró onírin. Kò sí ohun tí ẹja lè bèèrè tí kò sí nínú ọkọ̀ mi. Nígbà tó di agogo méjìlá ọ̀sán, omi fà kúrò lábẹ́ mi bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ ìbora lára ẹni tó ń sùn. Ọkọ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀, èmi náà jókòó sínú ọkọ̀, a ń wo ara wa. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kí n lè ti ọkọ̀, ibẹ̀ ni bàtà lọ. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti kọjá dáadáa kí omi tó padà wá gbé wa.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo yí ìmúra náà padà pátápátá. Mo fi ẹja sẹ́yìn, mo fi ẹrẹ̀ ṣíwájú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò kan ọkọ̀ rárá. Mo jókòó ti tábìlì omi, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà ní etíkun yẹn gan-an. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, omi a máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 yẹn ló fà á tí àkókò àná kì í fi í bá tòní mu. Àwọn etíkun mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lójúmọ́, torí náà tábìlì ibòmíì ò wúlò fún èèyàn. Mo tún wo òṣùpá. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, omi a kún jù, a sì fà jù. Àṣé àrànmọ́jú ni mo lọ bọ́ sí nígbà àkọ́kọ́! Lọ́tẹ̀ yìí mo mú ọjọ́ tí òṣùpá jẹ́ ìlàjì, tí omi kì í fi í lọ jìnnà.

Ìṣirò kan tún wà tí àwọn atukọ̀ máa ń lò, tó là mí lójú. Bí a bá pín gbogbo omi tó máa fà sí ọ̀nà 12, wákàtí àkọ́kọ́ á gbé ìpín 1 lọ, èkejì á gbé 2, ìkẹta á gbé 3, ìkẹrin á gbé 3, ìkarùn-ún á gbé 2, ìkẹfà á gbé 1. Ìfojúbù ni, kò péye níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Fún wákàtí méjì omi ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé àyè ṣì wà. Nígbà tí wákàtí kẹta dé, kò yọ́ mọ́, ó ń sá. Láàárín ìkẹta àti ìkẹrin, ìdajì gbogbo omi náà á ti lọ.

Tábìlì kò mọ nǹkan kan nípa atẹ́gùn o. Atẹ́gùn tó bá ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ sí òkun á máa ti omi jáde nínú àbàtà, ó sì lè jẹ́ pé nígbà tí ìwé ní omi kún, ẹrẹ̀ lo máa bá. Nítorí èyí, mo sún ìrìn àjò náà síwájú lẹ́ẹ̀kan, torí pé irú atẹ́gùn yẹn ti fẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ó dùn mí, mi ò purọ́, mo ti di ẹrù tán.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo lọ sí èbúté láìgbé ọkọ̀. Mo ri igi kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ omi, mo fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára, mo jókòó pẹ̀lú aago. Tábìlì ní omi ti kún dé góńgó lẹ́nu òkun, ṣùgbọ́n omi tó wà níwájú mi ṣì ń gun igi bọ̀. Ó gun ún fún bíi wákàtí kan sí i kó tó dúró. Ọ̀nà tóóró ni omi ń gbà wọ àbàtà, ó ń yí, ó ń kọ́ koríko lẹ́sẹ̀, kò lè yára dé. Wákàtí kan yẹn ni mo fi kún gbogbo ìṣirò mi lẹ́yìn náà. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìjókòó ọjọ́ yẹn ló wúlò jù, kò sì ná mi ju ẹ̀fọn lọ.

Ó wá kan ọkọ̀. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rì wọnú omi tó tí mo bá jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Mo gbé e lọ sí omi tó dákẹ́, mo kó gbogbo ẹrù ìgbà àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, mo jókòó, mo sì ní kí àbúrò mi fi téèpù sàmì ibi tí omi dé lára ọkọ̀. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, séńtímítà 13 ni. Mo gbé ìdákọ̀ró sílẹ̀, mo gbé kúlà sílẹ̀, mo yọ ọ̀pá ìwọ̀ méjì àti àpótí ìdẹ kan. Ó di 10. Àbúrò mi wo téèpù méjèèjì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí ìka méjì yìí lẹ ṣe sùn sínú ẹrẹ̀?” Mi ò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Nínú àbàtà, séńtímítà mẹ́ta lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń tukọ̀ lọ àti ẹni tó ń wo ojú ọ̀run.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo fi ara mi ṣubú sómi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó lọ́rùn, kí n lè kọ́ bí mo ṣe máa padà gun ọkọ̀. Èèyàn máa ń rò pé omi orúnkún ò lè dààmú òun. Lórí iyanrìn, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ẹrẹ̀, kò sí ibi tí o máa fi ẹsẹ̀ tì kí o tó fò sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú tí ọkọ̀ yí dànù lé mi lórí. Ìgbà kẹta ni mo rí ọgbọ́n rẹ̀: mo na ara gbọọrọ lójú omi, mo ń fi ẹsẹ̀ lu omi bí ẹni tó ń wẹ̀, mo fa àyà mi dé àárín ọkọ̀, mo dùbúlẹ̀ lé e bí àpò, mo yí ẹ̀yìn padà, kí n tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Mo tún rí i pé irin kékeré tí mo fi kọ́ sí àyà ẹ̀wù náà ń há mọ́ etí ọkọ̀. Mo yọ ọ́. Fèrè nìkan ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pá gígùn ló rọ́pò ìdákọ̀ró. Ìdákọ̀ró a máa rì sínú ẹrẹ̀ rírọ̀ débi pé fífà á jáde lè yí ọkọ̀ dànù, tó bá sì jáde, ìdajì àbàtà ló máa gbé wọlé. Mo wá ọ̀pá fífúyẹ́ tó tó mítà méjì àbọ̀. Ẹnu rẹ̀ kan ṣóńṣó, mo lè gún un mọ́ ilẹ̀ kí n so ọkọ̀ mọ́ ọn. Sí ẹnu kejì ni mo de igi kékeré méjì ní àgbélébùú, kí ó má baà rì nígbà tí mo bá fi ń ti ara mi lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ń so ó mọ́, tàbí iwájú, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ láé. Ẹni tó bá so ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mọ́ ọ̀pá nínú omi tó ń ṣàn, omi á máa tì í níkùn títí yóò fi dojú dé. Mo wé téèpù pupa mọ́ ọ̀pá náà ní séńtímítà 15, mo wé òmíràn ní 30. Omi ibẹ̀ dúdú bíi ti aṣọ aró, ojú ò lè sọ bó ṣe jìn tó, ọ̀pá ló ń bá mi sọ ọ́. Bí omi ò bá bo téèpù kìíní, mi ò lọ síwájú mọ́.

Ní ti bàtà, mo ra èyí tó ní okùn, tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nípọn, torí ìkarahun tó wà nínú ẹrẹ̀ mú bí abẹ. Síbẹ̀ ìpinnu mi ni pé mi ò ní í sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá di dandan, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe: mi ò ní í fi agídí fa ẹsẹ̀ sókè, torí bí a ti ń fà á ni ẹrẹ̀ ń mu ún. Màá fi àyà lé ọkọ̀, kí ọkọ̀ gbé ìwúwo mi, màá máa mi ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ kí omi lè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì yọ.

Àwọn nǹkan ìpẹja ò gbà mí lákòókò. Ọ̀pá ìwọ̀ méjì, okùn híhun tó lè gbé pọ́n-ùn 15, àti ìdẹ rọ́bà tó dà bí edé. Mo fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́ sínú ara ìdẹ náà kí koríko má baà máa kọ́ ọ. Lókè rẹ̀ mo so ohun tó ń léfòó, tó ń dún pọ̀ọ́ tí mo bá fà á, torí nínú omi tó rú, ohun tí ẹja gbọ́ ló kọ́kọ́ ń wá wò. Ó parí.

Omi mímu lítà 4, fìlà, aṣọ alápá gígùn, òògùn ẹ̀fọn, àti awò tó ń pa dídán ojú omi. Mo fi okùn so àjẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Fóònù wọ inú àpò tí omi ò lè wọ̀, mo sì ti gba àwòrán àbàtà náà láti òkè sílẹ̀ sórí rẹ̀, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í tẹ̀ lé èèyàn wọ koríko. Mo ya ọ̀nà omi náà sórí bébà pẹ̀lú. Nígbà tí o bá jókòó sílẹ̀ báyẹn, koríko ga jù ọ́ lọ, gbogbo ìkóríta omi sì jọra. Mo pinnu pé ní ìkóríta kọ̀ọ̀kan màá yí orí padà wo ẹ̀yìn, kí n ya fọ́tò ohun tí màá rí nígbà tí mo bá ń bọ̀.

Bébà kejì ni mo fún àbúrò mi: ibi tí mo ń lọ, àwọ̀ ọkọ̀, àkókò tí màá padà, àti wákàtí tó gbọ́dọ̀ pe àwọn olùgbàlà bí kò bá gbóhùn mi. Ó kà á, ó ní, “Ẹ ò kọ iye bàtà tẹ́ ẹ wọ̀.”

Lọ́jọ́ náà, tábìlì ní omi á fà tán ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 10, á kún ní agogo méjìlá àbọ̀ ku díẹ̀. Mo fi wákàtí mi kún un. Agogo méje kọjá ni mo wọ omi, tó ń yí padà láti kún, kí ó lè jẹ́ pé bí mo bá há, omi tó ń bọ̀ ló máa gbé mi. Mo tẹ̀ lé e wọ inú lọ. Mo ṣètò aláàmù sí agogo kan ọ̀sán, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í padà kí omi inú àbàtà tó fà rárá.

Aláàmù dún nígbà tí ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó pẹja rí mọ ohun tí mò ń sọ. Mo wo ọ̀pá: omi ṣì bo téèpù kejì dáadáa. Ọkàn mi ní kí n ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún sí i. Mo ká okùn, mo yí ọkọ̀ padà. Ẹnu odò kékeré kan tó já sínú omi jíjìn, nítòsí èbúté, ni mo ti fi ọ̀pá gúnlẹ̀, mo so ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń kó edé àti ẹja kéékèèké jáde láti inú koríko, àwọn ẹja ńlá sì to sẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. Ẹja mẹ́ta ni mo rí mú níbẹ̀, mo dá èyí tó kéré padà. Lẹ́yìn mi, ibi tí mo wà láàárọ̀ ti ń di ẹrẹ̀ dídán, àwọn akàn ti jáde.

Mo fi okùn fa ọkọ̀ gun òkè èbúté, mo sì tan fóònù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi: “Ẹ kú ewu o, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ó pé méjì?”

Mo ya fọ́tò ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo fi ránṣẹ́.