Owó iṣẹ́ motion graphics tí epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ tán

Iṣẹ́ motion graphics, ìyẹn mímú kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ máa rìn nínú fídíò, ń wọlé ní Kàbà níbí, owó kò dúró. Fídíò ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 30 á gba àtúnṣe mẹ́fà, epo á sì jẹ èrè.

Mo fowó lé e, oníbàárà sá. Mo wá ń gba owó lórí ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gé fídíò kúrú, àtúnṣe ò dín.

Ohun tó ṣiṣẹ́: mo ro ìnáwó ọdún kan pọ̀, oúnjẹ, epo, dátà, owó tí màá fi pààrọ̀ kọ̀ǹpútà: ₦3,600,000. Mo pín in sí ọjọ́ 120 péré, torí wíwá oníbàárà àti sísin gbèsè ń jẹ ọjọ́ tó kù. ₦30,000 lójúmọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ₦120,000. Wọ́n á san ìdajì kí n tó ṣí After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe é. Àtúnṣe méjì ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ₦15,000, a ti kọ ọ́ sórí WhatsApp ṣáájú.

Ẹbí ṣì ń san iye tó wù wọ́n o.