Ẹ má wo nọ́ńbà NAFDAC nìkan

Àǹtí kan ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ mú oògùn ara ríro wá, ó ní kí n bá òun wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Hóró mẹ́rin ni. Ẹni tó tà á ti fi àlùmọ́gàjí gé káàdì náà sí méjì. Létí ibi tó ti gé e, mo rí “EXP”, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀.

Àǹtí ní, “Ṣebí nọ́ńbà NAFDAC wà lára páálí ẹ̀. Mo fojú mi rí i.”

Ohun tó ń tàn wá nìyẹn. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn àti oúnjẹ, ti yẹ irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò, ó sì gbà kí wọ́n máa tà á. Kò sọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì bàjẹ́. Ẹni tó sì lè ṣe ayédèrú oògùn, ṣé nọ́ńbà ló máa wá ṣòro fún un láti tẹ̀ mọ́ ọn? Bí wọ́n bá gé káàdì tí ọjọ́ kò sí lára ẹ̀, ẹ má gbà á.

Oògùn ibà àti àwọn tó ń pa kòkòrò àrùn sábà máa ń ní ojú kan tí wọ́n fi nǹkan bò lára páálí. Láti 2010 ni ètò yẹn ti wà. Ẹ họ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà tó bá yọ ránṣẹ́ lórí fóònù síbi tí wọ́n kọ sára páálí, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì fèsì bóyá ojúlówó ni. Àṣìṣe tiwa ni pé ilé la ti ń họ ọ́, nígbà tí owó ti kúrò lọ́wọ́. Níwájú ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti ṣe é. Èyí tí wọ́n bá ti họ tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà.

Ẹ má sì tètè sọ páálí nù. Láàárín 2008 sí 2009, ó lé ní 80 ọmọ tó kú nítorí oògùn eyín ọmọdé kan tí èròjà olóró wọ inú ẹ̀. Bí NAFDAC bá ń kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, nọ́ńbà tó wà níwájú “Batch”, ìyẹn nọ́ńbà àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n máa ń kéde. Níbo lẹ ti fẹ́ rí i lẹ́yìn tí ẹ ti fi páálí dáná?

Àgbo inú ike ńkọ́? Ẹ ka lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò sàn wò. Èyí tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ Ìlọrin, òfin ò tiẹ̀ gba kíkiri oògùn rárá.



Àǹtí padà lọ béèrè apá kejì káàdì yẹn. Wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn.