Ẹ bèèrè bí ojú awò ṣe fẹ̀ tó kí ẹ tó ra á

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra awò awọ̀nàjíjìn àkọ́kọ́ láti máa fi wo ojú ọ̀run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí "525x" (ìyẹn ni pé ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 525) tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí fà yín lójú. Bí dígí ńlá tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ṣe fẹ̀ tó ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kéré. Ojú tó bá fẹ̀ ló ń kó púpọ̀ rẹ̀ jọ. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 130 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po 4 ti mìlímítà 60 lọ. Ẹ fi 2 sọ fífẹ̀ náà di púpọ̀, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ láti mú nǹkan tóbi ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Fún mìlímítà 60, kò ju nǹkan bíi 120x lọ. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, àwòrán á kàn máa tóbi sí i ni, á ṣú, á sì di bàìbàì. Ẹ mi ẹsẹ̀ awò náà wò pẹ̀lú, torí bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó dúró. Irú tí wọ́n ń pè ní Dobsonian, ìyẹn èyí tó jókòó sórí ìdí kúkurú tó ṣeé yí, ni mo fara mọ́ jù: ó dúró digbí, dígí ni púpọ̀ nínú owó yín sì ń bá lọ. Òrùka Sátọ̀n àti òṣùpá ńlá 4 ti Júpítà á hàn dáadáa. Àmọ́ ẹ má retí àwọ̀ mèremère inú àwòrán NASA, kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ló ń ya ìyẹn.