Ìdọ̀tí Tó Kúrò Lójú Kò Tíì Kúrò Nílùú: Àwọn Àṣìṣe Tí Àwa Ará Ìbàdàn Ń Ṣe

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gba àárín Ìbàdàn kọjá. Ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó sì gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ. Omíyalé ni a ń pè é, àwọn àgbà ṣì ń fi ka ọjọ́ orí ọmọ títí dòní. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Afárá Àpẹ́tẹ̀ já, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Òjò ńlá ni lóòótọ́, a kò lè pa irọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró síbi tí wọ́n ti ń kó ẹrẹ̀ lábẹ́ afárá nílùú yìí mọ ohun tí wọ́n ń fà jáde níbẹ̀: ọ̀rá omi, ìgò ike, táyà, fóòmù ibùsùn, àkísà.

Àwa ará Ìbàdàn kì í ṣe ọ̀bùn. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ojúlé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa pọ̀ ní gbogbo agboolé. Ohun tó ń ṣe wá ni pé bí ìdọ̀tí bá ti kúrò lójú wa, a gbà pé ó ti tán. Ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń wá.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ká máa da ilẹ̀ sínú àgbàrá. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Òjò á ṣú, atẹ́gùn á máa gbọn páànù, àwọn kan á sì máa ké sí ọmọ pé kó sáré gbé garawa ilẹ̀ jáde. Wọ́n á dúró títí àgbàrá á fi lágbára dáadáa kí wọ́n tó dà á sí i. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo èèpo ọsàn àti ọ̀rá dúdú bí wọ́n ṣe ń sáré tẹ̀lé ara wọn lọ, inú mi sì dùn pé ilé wa ti mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ náà ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ọ̀rá kan ṣoṣo kò lè dí afárá. Ẹ̀ka igi kan ló máa ń kọ́kọ́ há sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá á wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka náà, iyanrìn á jókòó lé ọ̀rá, koríko á hù lórí iyanrìn. Láàárín òjò méjì sí mẹ́ta, ihò tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀ á ku ìwọ̀n orúnkún. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Lóde òní, àwa onílé gan-an la ń la ọ̀nà fún un.

Ẹ má sì ṣe gbé ilẹ̀ fún ọlọ́mọlanke láìbéèrè ibi tó ń gbé e lọ. Lápìtẹ́, Awótan, Àbà-Ẹ̀kú àti Ajákanga ni ààtàn ìjọba wà, gbogbo wọn ló sì jìnnà sí àárín ìlú. Ṣé ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke láti Bẹẹrẹ lè tì í dé Ajákanga nítorí owó táṣẹ́rẹ́ tí ẹ fún un? Kò lè dé ibẹ̀. Tó bá di òru, àárín títì ni yóò dà á sí, tàbí etí odò. Mi ò dá a lẹ́bi tán, nítorí àwa tó mọ̀ pé owó yẹn kò tó la ránṣẹ́ pè é. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akólẹ̀ tó ní ọkọ̀ àti ìwé àṣẹ, kí ẹ sì máa gba rìsíìtì. Bí kò bá wá, ẹ pariwo rẹ̀ sétí àwọn tó fún un níwèé àṣẹ.

Àwọn mìíràn ń dáná sun ìdọ̀tí wọn. Èèpo tútù kì í jó, èéfín ló ń rú látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rá àti ike tó ń jó ń tú májèlé sáfẹ́fẹ́, inú èéfín yẹn sì ni ọmọ onílé ti ń sáré kiri. Bí ẹ kò bá rí àṣìṣe mìíràn jáwọ́ nínú rẹ̀ nínú àwọn tí mo kà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú dídáná sun ìdọ̀tí.

Wàyí o, kí ló tilẹ̀ wà nínú garawa náà? Ẹ tú u wò lẹ́ẹ̀kan. Nínú ilé wa, ju ìdajì lọ ló jẹ́ èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́, háhá àgbàdo àti oúnjẹ àjẹkù. Láyé àwọn ìyá wa, ewúrẹ́ ló ń jẹ ìyẹn, èyí tó bá kù á lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó ń sanwó kí wọ́n tó bá a gbé èèpo iṣu. Àṣìṣe wa ni pé a ń da èèpo, ọ̀rá, agolo àti bátìrì pọ̀ sójú kan. Bí wọ́n bá ti pòpọ̀, èèpo á ra sára ike, àwọn tó ń ra àlòkù ike kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, èèpo náà kò sì ní ṣeé fi ṣe ajílẹ̀. Ohun méjì tó ń pa owó ti di ẹyọ ìdọ̀tí kan. Ní Bódìjà níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter láti máa sọ ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Ó hàn pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Garawa méjì péré ló gbà nínú ilé, ọ̀kan fún ohun tó ń rà, ọ̀kan fún ohun tí kì í rà.

Ẹ má fi sìmẹ́ńtì àti ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àyíká ilé. Mo mọ̀ pé ó dára lójú, kì í sì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n omi tí ilẹ̀ ì bá fà mu, ojú títì ló ń gbà lọ báyìí, ilé aládùúgbò ló sì máa wọ̀. Ẹ fi ibìkan sílẹ̀ fún ilẹ̀ láti mí, kí ẹ gbin mángòrò tàbí dóńgóyárò síbẹ̀. Bákan náà ni ṣaláńgá àti sókàwéè: ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí kanga tó mítà 30, ti aládùúgbò náà sì wà nínú ìṣirò yẹn. Àwọn wolé-wolé àtijọ́ máa ń ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Inú táyà àti agolo tó gba omi òjò lẹ́yìn ilé wa ni tanwíjí wà báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Àwọn kan á ní àwa dúdú la kò lè mọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ. Kigali ní Rùwáńdà, Áfíríkà bíi tiwa ni. Láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀rá níbẹ̀, gbogbo ìlú sì máa ń jáde ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù. Èkó náà fòfin de àwọn ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Òfin nìkan kò tó, ó yẹ kí olóúnjẹ rí nǹkan mìíràn bu oúnjẹ sí, kí ó má sì wọ́n jù ú lọ. Ewé eéran ṣì ń hù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Láyé ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn ni wọ́n ti kọ́ wa ní ìmọ́tótó àyíká tipátipá. A gba gọ́tà kíkó, a sì gbàgbé ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e. Ní àdúgbò wa, a máa ń kó ẹrẹ̀ dúdú jáde, a ó gbé e sí bèbè gọ́tà kí ó lè gbẹ, a ó wá lọ wẹ̀. Lọ́dún kan mo ka ọjọ́ rẹ̀. Àbámẹ́ta la kó o. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó fi máa dá, òkìtì náà ti wọ́ padà sínú gọ́tà, àfi táyà kan tó ṣẹ́kù sí bèbè. Bẹ́ẹ̀ la ti ń kó ẹrẹ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo sọ ọ́ nípàdé lándílọ́ọ̀dù. Wọ́n jiyàn lórí owó títí ilẹ̀ fi ṣú, kí bàbá kan tó sọ pé òun wà ní Mọ̀lété lọ́dún Omíyalé, 1980. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dáwó típà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìlànà wa báyìí ni pé bí típà kò bá tíì dé, a kì í fọwọ́ kan gọ́tà. Bí a bá sì kó tán, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò láìgbé gbogbo òkìtì lọ. Omi ń kọjá lọ́dọ̀ wa. Ó ku àdúgbò ìsàlẹ̀, níbi tí gọ́tà tiwọn ti dí láti ẹnu kọ́fátì. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ la máa lọ bá alága wọn.