Bí Bartonella ológbò ṣe hù fún mi níkẹyìn

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbin ẹ̀jẹ̀ ológbò kan ní Kabba sórí àwo ágà (oúnjẹ dídì tí a fi ń hu kòkòrò) láti wá Bartonella, bakitéríà tí eégbọn ń tàn láàárín ológbò, tó sì lè wọ ara èèyàn bí ológbò bá ya á; àwo ò hu nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, eégbọn bo ara ẹ̀, ó sì ti fi èékánná ya ọmọ onílé lọ́wọ́. Kókó ti so lábíyá ọmọ náà.

Àṣé èmi ni mo ń kánjú. Ọjọ́ 5 ni mo ń da àwo nù, Bartonella henselae sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú fírísà, kí sẹ́ẹ̀lì pupa lè bẹ́, torí inú wọn ni bakitéríà náà ń sápamọ́ sí. Mo tan àbẹ́là sínú ìgò àwo, mo dé e pa kí káàbọ́nì dáyọ́ksáìdì tí bakitéríà náà ń fẹ́ lè pọ̀ nínú ẹ̀, mo fi òwú tútù sí i kó má gbẹ. (Iná mànàmáná ò dúró, bátìrì sólà ló gbà mí.)

Ọjọ́ 18, ó yọ: funfun, kékeré, ó lẹ̀ mọ́ ágà pinpin. Mo ti fi ránṣẹ́ fún PCR, àyẹ̀wò tó ń fi DNA dá kòkòrò mọ̀.